Bí àgbàlagbà ṣe lè kọ́ píánò kílásíkà láti ìbẹ̀rẹ̀

Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí píánò láti kọ́ ọ. Láti kékeré ni mo ti wà nínú kọ́áyà, áótò ni mo ń kọ, kò sì sí orin tí wọ́n bá kọ dò-re-mí sí lábẹ́ tí n kò lè kọ. Èyí ló jẹ́ kí n rò pé píánò kò ní fún mi ní wàhálà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ojú mi là. Etí mi ti dàgbà, ọwọ́ mi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kí ìka mi tó mọ ibi tí yóò tẹ̀, etí mi ti mọ bó ṣe yẹ kó dún, ohun tó sì ń jáde kò jọ ọ́ rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń fi píánò sílẹ̀. Wọ́n á ní ọjọ́ ti lọ lórí àwọn. Ọjọ́ kò tíì lọ lórí wọn o. Ọwọ́ tó ń rákòrò ni wọn kò lè fara dà.

Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní ọmọ tàbí òbí tó ń tọ́jú, tó sì fẹ́ kọ́ píánò bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ orin ni mo kọ èyí fún. Kíka àmì orin lórí ìwé ni mo ń sọ, kí ọwọ́ ọ̀tún máa ṣe tiẹ̀, kí tòsì máa ṣe tiẹ̀, kí èèyàn sì tẹ orin gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kọ́ọ̀dù tí ẹ ó fi máa gbe orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń wá, ọ̀nà mìíràn ni tiyẹn, ó sì yá ju èyí lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ohun tí ẹ ó máa tẹ̀

Píánò ní kíì 88, funfun 52, dúdú 36. Bí ẹ bá tẹ kíì kan, òòlù kékeré kan nínú rẹ̀ á lọ lu okùn irin, á sì padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Bartolomeo Cristofori, tó ń ṣiṣẹ́ ní Florence ní Ítálì, ló dá iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 1700. Irú dùùrù olókùn tó gbòde ṣáájú rẹ̀, bí ẹ fi ọwọ́ líle tẹ̀ ẹ́, bí ẹ fi ọwọ́ rọra tẹ̀ ẹ́, bákan náà ló ń dún. Tirẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọwọ́ lẹ́nu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní pianoforte: jẹ́jẹ́ àti kíkan.

Ìtàn yẹn ló yẹ kó wà lọ́kàn yín tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Kíbọ́ọ̀dù tí kíì rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bọ́tìnì rìmóòtù kò lè kọ́ ọwọ́ yín ní jẹ́jẹ́ àti kíkan. Digital piano ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì sọ fún wọn pé oníkíì 88 tó wúwo lọ́wọ́, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní “weighted”, lẹ fẹ́. Bó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 ni agbára ká, ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó lè gbé yín fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ má kàn rò pé ibẹ̀ lẹ máa dúró sí.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má kánjú sanwó. Ẹ ní kí wọ́n tàn án. Ẹ tẹ kíì kọ̀ọ̀kan láti òpin òsì dé òpin ọ̀tún, gbogbo méjìdínláàádọ́rùn-ún pátá, kí ẹ gbọ́ bóyá èyí tó yadi wà níbẹ̀. Ẹ mú kíì kan ní àárín, ẹ fi ìka kan án bíi pé ẹ fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Bí ohùn méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ máa lọ. Ẹ wo ojú ihò tí wọ́n ń ki hẹ́dífóònù bọ̀ àti èyí tí wọ́n ń ki pedal, ìyẹn ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, bọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àdápítà náà kí ẹ sì fi wé èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn píánò, nítorí àdápítà tí kò bá a mu lè jó o lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré ń lo àdápítà 12 fóòtì, iná tí wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan, ínfátà kékeré tó ń gbé ráútà àti gílóòbù á gbé e. Èyí ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ: ẹni tó bá ń dúró de iná kó tó dánra wò kò ní dánra wò.

Píánò onígi tó ní okùn gidi, ó dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rinrin òjò ń mú igi rẹ̀ wú, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, ohùn rẹ̀ á sì máa yẹ̀ sókè sódò. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ sì máa ṣọ́ ikán.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá tíṣà, kí ẹ sì gbà á láyè kó bá yín wí

Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò, mo ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n fídíò kò lè rí ọrùn ọwọ́ yín. Ohun tí ẹ bá fi oṣù mẹ́ta ṣe ní ṣíṣì, ó lè gba ọdún kan kí ẹ tó lè tú u. Bí owó kò bá tó fún ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ó sàn ju kí ẹ dá nìkan wà lọ.

Ní Èkó, MUSON (Musical Society of Nigeria) ní Oníkan ní ilé ẹ̀kọ́ orin. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tó ti fẹ́ jáde sì máa ń wá ẹni tí wọ́n máa kọ́. Níbikíbi tí ẹ bá wà nílẹ̀ Yorùbá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ó ti kọ́ àgbàlagbà rí, kí ẹ sì ní kó tẹ orin kúkúrú kan láti inú ìwé fún yín. Ẹni tó ń fi etí nìkan tẹ̀ kò lè kọ́ yín ní ìwé, bó ti wù kó dùn tó.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó kì í sọ nítorí pé kò sí lọ́dọ̀ tiwọn. Ọmọ ọdún 26 ni tíṣà mi. “Mà” ló ń pè mí, á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó jókòó, gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ló sì “dáa, mà”. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ráhùn pé apá ọ̀tún ń ro mí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú o, mà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọrùn ọwọ́ yín ti le gan-an.” Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé ohun tó ń ṣe kò dáa. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé, “Tíṣà, nínú yàrá yìí ẹ̀yin lẹ ń kọ́ mi. Ẹ dá mi dúró nígbàkigbà. Bí a bá dé ojú ọ̀nà, mo máa tún di màmá yín.” Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní tòótọ́. Bí tíṣà yín bá kéré sí yín lọ́jọ́ orí, ẹ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún un ní ọjọ́ kìíní, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ ọ kò ní jẹ́ kó lanu.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìjókòó àti ọwọ́

Ẹ jókòó sí ìdajì àga ní iwájú, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé kíì, ìgunpá yín gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú kíì. Bí àga bá relẹ̀, tìmùtìmù tó le dáadáa á tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, bí ìgbà tí ẹ bá ń rìn lọ́jà láì gbé ẹrù. Bí ìka ṣe ká díẹ̀ fúnra rẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbé e lé kíì. Àtàǹpàkò ni ìka 1, ìka kékeré ni ìka 5, ní ọwọ́ méjèèjì. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí ẹ máa rí lórí ìwé orin, ìka ni wọ́n ń sọ.

Ìka 4 á yọ yín lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣan ló so ó mọ́ ìka 3 àti 5, kò lè dá gbéra bíi tiwọn. Ẹ má fi ipá kọ́ ọ. Schumann, tó kọ orin píánò tó pọ̀ jù lọ nínú èyí tí mo fẹ́ràn, ba ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1830, iṣẹ́ píánò títẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀dọ́. Bí nǹkan bá ń dùn yín ní ọrùn ọwọ́ tàbí ní apá, ẹ dìde. Kí ó rẹ iṣan díẹ̀ kò burú. Kí ó dunni kò dáa, kò sí ìgboyà kankan níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Láti dò-re-mí sí ìlà márùn-ún

Ibí yìí ni àwa tí a ti kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ní ohun tó níye lórí lọ́wọ́, ibẹ̀ náà sì ni ó ti máa ń dí wa lọ́wọ́.

Dò-re-mí tí a ń kọ lábẹ́ orin ní kọ́áyà, John Curwen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Ìlú Ọba, ló tan ìlànà rẹ̀ kálẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti ara iṣẹ́ obìnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sarah Glover. Nínú ìlànà náà, dò máa ń ṣí kiri. Bí ẹni tó ń mú kíì fún yín bá ní “kíì F” (kíì ti orin ni èyí, kì í ṣe kíì tí ìka ń tẹ̀), F di dò. Bó bá ní “kíì G”, dò ti kó lọ sí G. Ó bá etí Yorùbá mu gan-an. Bí ìyá bá sọ pé “ọkọ́”, bí ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́rin bá sọ pé “ọkọ́”, ohùn ọmọ ga ju ti ìyá lọ fíìfíì, síbẹ̀ àwa tí a ń gbọ́ mọ̀ pé mí ni méjèèjì parí sí, pé wọn kò sọ ọkọ̀, wọn kò sì sọ ọkọ. Ìfiwéra là ń gbọ́.

Píánò kì í ṣe ìfiwéra. C kì í kúrò níbi tó wà. Ìṣòro akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni pé ó máa ń pe C ní dò nínú gbogbo orin, nígbà tí orin bá wá wà ní kíì G, ọ̀rọ̀ á dojú rú. Báyìí ni mo ṣe bọ́ nínú rẹ̀: ẹ mú orin kan tí ẹ mọ̀ dunjú nínú ìwé orin, èyí tó wà ní kíì G. Ẹ kọ dò-re-mí rẹ̀ sórí ìwé, ẹ kọ lẹ́tà sábẹ́ rẹ̀: dò jẹ́ G, re jẹ́ A, mí jẹ́ B, fá jẹ́ C, só jẹ́ D, lá jẹ́ E, tí jẹ́ F dúdú tí a ń pè ní F sharp. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ tún orin kan náà tẹ̀ ní kíì F. Dò-re-mí kò yí padà; lẹ́tà nìkan ló yí. Ẹ ṣe é pẹ̀lú orin mẹ́rin tàbí márùn-ún, orúkọ méjèèjì á yanjú lórí yín.

Ní ti ìlà, ẹ má jókòó kọ́ gbogbo orúkọ ìlà àti àlàfo sórí bí ọmọ iléèwé. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ mọ̀ bí ẹni mọ ilé ara rẹ̀. Èkíní ni C àárín, tó ní ìlà kúkúrú tirẹ̀ láàárín ìlà márùn-ún ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Èkejì ni G tó wà lórí ìlà kejì láti ìsàlẹ̀, ní apá òkè. Àmì ńlá tó rí bí okùn tó lọ́ mọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ibẹ̀ gan-an ló lọ́ yí ká. Ẹ̀kẹta ni F tó wà lórí ìlà kẹrin láti ìsàlẹ̀, ní apá ìsàlẹ̀. Àmì ibẹ̀ ní ẹ̀kán méjì, F wà láàárín ẹ̀kán méjèèjì. Láti ibi mẹ́ta yìí, ẹ máa ka ìrìn: láti ìlà bọ́ sí àlàfo tó kàn án jẹ́ ìgbésẹ̀ kan, láti ìlà dé ìlà jẹ́ fífò kan. Ẹni tó ń kàwé kì í sípẹ́lì gbogbo ọ̀rọ̀, ìrísí ọ̀rọ̀ ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin.

Ẹ máa ka bíìtì sókè, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí ẹnu yín gbọ́ ọ. Ní kọ́áyà, bí ọ̀gá bá gbọ́wọ́ sókè, a máa ń fa ohùn títí yóò fi sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ní ìdí píánò kò sí ẹni tó máa sọ ọwọ́ sílẹ̀ fún yín, ìdákẹ́ náà sì ní iye tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìdánrawò ojoojúmọ́

Bí ẹ bá máa gba ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, èyí ni kí ẹ gbà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ọjọ́ Sátidé lọ. Mo ti ṣe ti Sátidé rí. Bí ó bá máa fi di Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ ti gbàgbé, apá sì ti ro mí lásán. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni tèmi, pẹ̀lú hẹ́dífóònù, kí ilé tó jí. Ẹ wá tiyín, kó sì jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́.

Bí mo ṣe ń pín in nìyí. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún skéèlì, ìyẹn dò-re-mí títí dé dò òkè ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Skéèlì C ní ọwọ́ ọ̀tún, ìka 1, 2, 3, lẹ́yìn náà àtàǹpàkò á gba abẹ́ ọwọ́ kọjá lọ sí F, á sì di 1, 2, 3, 4, 5. Ọwọ́ òsì tó ń gòkè, 5, 4, 3, 2, 1, ìka 3 á fo àtàǹpàkò kọjá, 3, 2, 1. Abẹ́ ni àtàǹpàkò ń gbà o, kì í ṣe ìgunpá ni a ń gbé sókè fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀lé e, orí ibi kékeré kan nínú orin tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ ló ń lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ń ka orin tí n kò rí rí, tó rọrùn gan-an, láì dúró tún àṣìṣe ṣe. Ìyókù, mo ń tẹ ohun tí mo ti mọ̀, kí inú mi lè dùn kí n tó lọ wẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká mú orin kan ká sì wò ó fínnífínní. Minuet kan, irú orin ijó àtijọ́, wà ní kíì G tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ lórí fóònù tàbí nínú ìpolówó ọjà. Inú ìwé tí Bach ṣí fún ìyàwó rẹ̀ Anna Magdalena ní 1725 ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì pè é ní iṣẹ́ Bach fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn olùwádìí tó fi hàn pé Christian Petzold, atẹdùùrù kan ní Dresden, ló kọ ọ́. Báà 32 ló ní, ìyẹn ìpín tí ìlà òòró ń pín orin sí, bíìtì mẹ́ta ní báà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan píánò. Ẹ kọ ọ́ lẹ́nu. Báà kìíní: só, dò re mí fá. Báà kejì: só, dò, dò. Só ti àkọ́kọ́ gba bíìtì kan, mẹ́rin tó tẹ̀lé e gba ìdajì ìdajì. Ẹ ti rí i pé orin náà ti wà lẹ́nu yín. Nísinsìnyí, ẹ gbé àtàǹpàkò ọ̀tún lé G, ìka 5 lé D: ìka 5, 1, 2, 3, 4, lẹ́yìn náà 5, 1, 1. Ọwọ́ kò kúrò lójú kan.

Báà kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnu ní: lá, fá só lá tí, dò. Ṣùgbọ́n ìka ti tán. Lẹ́yìn lá, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ ti ṣí lọ sí C kó lè tẹ fá, kí 2, 3, 4, 5 lè gbé ìyókù gòkè. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọsẹ̀, tí mo máa padà sí báà kìíní, tí mo máa tẹ méjì àkọ́kọ́ dáadáa, tí mo máa tún kọsẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Tíṣà ní, “Mà, ẹ ti tẹ ibi tó dáa nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ ò tíì tẹ ibi tí kò dáa nígbà mẹ́wàá.” Aránṣọ kì í tú gbogbo ṣòkòtò nítorí ibi kan tó fà, ibi tó fà ló ń tú. Ẹ mú dò tó gbẹ̀yìn báà kejì, ẹ mú lá, ẹ mú fá. Mẹ́ta péré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ débi tí àṣìṣe kò fi ní ráyè wọlé, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ fi só kún un. Ẹ fi báà kejì kún un látẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ọwọ́ òsì nìkan, bákan náà. Láìka kọ́ọ̀dù tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó ń rìn lábẹ́ ni dò, re, mí, fá, mí, re, dò. Òkè kékeré kan ló gùn tó sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín báà mẹ́fà. Ẹ kọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá ń tẹ tiẹ̀. Ẹni tó bá lè kọ ohùn ìsàlẹ̀ kó sì tẹ ti òkè ti fẹ́ẹ̀ lè pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

Pípa á pọ̀ náà, báà méjì méjì ni. Ẹ gba metronome ọ̀fẹ́, ohun tó ń ka bíìtì fúnni, sórí fóònù, ẹ gbé e sí 50, ìyẹn bíìtì 50 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láì ṣì í, ẹ sún un sí 54. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ dá a padà. Etí yín á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ sáré, nítorí ó mọ bí orin yẹn ṣe ń yára. Ẹ má dá a lóhùn. Ìka kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó tọ̀nà àti ohun tí kò tọ̀nà. Ohun tí ẹ bá ṣe léraléra ló ń kọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni Minuet yẹn gbà mí. Bó bá gba tiyín ní mẹ́wàá, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ẹ fi pedal sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, irú orin yìí kò sì nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Orin wo ló kàn?

Ẹ lo ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà, kì í ṣe ti ọmọdé tí àwòrán ẹranko kún inú rẹ̀. Ẹ fi ìwé kìíní nínú Mikrokosmos ti Bartók tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: orin 153 ló wà nínú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí tó rọrùn jù ló ṣáájú, ó sì ń kọ́ ọwọ́ òsì láti dá dúró ju ìwé mìíràn tí mo mọ̀ lọ. Lẹ́yìn Minuet yẹn, ẹ lọ sí ìwé orin tí Schumann kọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní 1848, Opus 68, lẹ́yìn náà orin 25 ti Burgmüller, Opus 100. Prelude àkọ́kọ́ nínú ìwé tí Bach parí ní 1722 (The Well-Tempered Clavier), èyí tó wà ní kíì C, lè wà lọ́wọ́ yín ní ọdún kejì. Báà 35, ọwọ́ kan ń gbà á fún èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ tẹ Für Elise ti Beethoven. Abala àkọ́kọ́ rẹ̀ kò le, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn abala àárín le ju bí etí ṣe ń rò lọ. Ẹ kọ́ abala àkọ́kọ́, ẹ gbádùn rẹ̀, ẹ fi ìyókù pamọ́.

Ìwé orin àwọn tó ti kú tipẹ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí IMSLP, ibi ìkówèé orin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá èyí tó ní nọ́ńbà ìka, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà gidi. Ojú fóònù kéré jù fún ìlà mẹ́wàá, ojú àgbàlagbà náà sì ní tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdánwò, bó bá wù yín

ABRSM láti Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe ìdánwò ní Nàìjíríà, láti Grade 1 dé 8, Initial Grade sì wà ṣáájú wọn. Kò sí ọjọ́ orí tó pọ̀ jù. Orin mẹ́ta, skéèlì, orin tí ẹ kò rí rí, àti ìdánwò etí ló wà nínú rẹ̀. Máàkì 150 ni gbogbo rẹ̀, 100 ni yíyege, 120 ni merit, 130 ni distinction. Ẹ kò ní láti ṣe gbogbo Grade ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, àmọ́ kí ẹ tó ṣe 6 sókè, ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú Grade 5 ti tíọ́rì tàbí èyí tí wọ́n bá gbà dípò rẹ̀. Èrò mi ni pé kí ẹ ṣe ọ̀kan, ní Grade 2 tàbí 3, nítorí ọjọ́ tí wọ́n dá fúnni máa ń jẹ́ ká parí ohun tí a bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọkàn yín díwọ̀n rẹ̀. Mo mọ àwọn tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ orin méjìlá péré, gbogbo rẹ̀ fún ìdánwò.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ máa gbọ́, títí kan ti àwọn ará ilé

Ẹ máa gbọ́ orin pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, kí ìka máa tọ àmì bó ṣe ń lọ. Ogún ìṣẹ́jú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó fún èyí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé orin yìí kì í ṣe tiwa. Ekúndayọ̀ Phillips ni olórí orin ní Cathedral Church of Christ, Marina, láti 1914 títí di 1962. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, ti kọ́ dùùrù. Ṣówándé ti tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kàwé sí i, ó sì ti lé ní ọdún 35 nígbà tó gba oyè FRCO, oyè ńlá àwọn atẹdùùrù ní Ìlú Ọba, ní 1943. Lóòótọ́, ó ti ń tẹ̀ láti kékeré, kì í ṣe ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bíi tiwa. Àmọ́ ó jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé ó ti tán. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí a bí ní 1935, kọ orin fún píánò tí ẹ máa gbọ́ Yorùbá nínú rẹ̀ kedere. Akin Euba, tí wọ́n bí ní ọdún kan náà tó sì kú ní 2020, ní kí a máa lo píánò bí a ṣe ń lo ìlù. Ó ṣe tán, òòlù ló ń lù ú nínú. Nígbà tí mo dé ibi tí ọwọ́ kan ti ń tẹ méjì nígbà tí èkejì ń tẹ mẹ́ta, tíṣà rò pé yóò gbà mí tó oṣù kan. Mo ti ń lu agogo nínú ẹgbẹ́ akọrin obìnrin láti bí ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ méjì ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ẹnìkan

Bí orin kan bá ti dúró lọ́wọ́ yín, ẹ gbà á sórí fóònù. Ẹ má gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kí ẹ sàmì sí ibi tí ọwọ́ ti sáré àti ibi tó ti falẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe èèyàn méjì tàbí mẹ́ta sí pálọ̀. Kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi mẹ́rin nínú orin náà bíi bọ́sítọ́ọ̀pù, kí ẹ sì kọ́ bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láti èyíkéyìí nínú wọn láì ti òkè wá. Bí ọwọ́ bá ṣì lójú wọn, ẹ kò ní padà sẹ́yìn, bọ́sítọ́ọ̀pù tó kàn lẹ ó bọ́ sí. Àwọn tó ń gbọ́ kò ní mọ̀. Ìyá mi wà níjọ́ tèmi, ó sì bínú nígbà tí mo parí, ó ní ṣé ó ti tán nìyẹn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ kọ báà méjì àkọ́kọ́ nínú ọkàn yín ní ìwọ̀n tí ọwọ́ yín lè gbé lónìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá parí, ẹ jẹ́ kí ohùn tó kẹ́yìn kú tán kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò. Bí àlejò bá ti lọ, ẹ pa á, ẹ yọ àdápítà kúrò lára iná, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó nítorí eruku.